Iná wo ló yẹ kí ọkọ̀ ẹja tàn lálẹ́ lórí dáàmù?

Àwọ̀n_Ikun: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ̀ pákó mítà 5.5 ni, ẹ́ńjìnnì HP 15 ló wà nídìí rẹ̀. Orí dáàmù Ero ní Ikun-Èkìtì la ti ń lò ó: àwọ̀n ń wọ omi lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, a sì ń kó o kí ilẹ̀ tó mọ́. Iná mélòó ló yẹ kó ní, ibo ni ká kàn wọ́n mọ́, ìgbà wo la ó tàn wọ́n? Àbí tọ́ọ̀ṣì orí ti tó?

Atukọ̀: Kò tó rárá. Ibi tí orí bá yí sí ni tọ́ọ̀ṣì orí ń yí sí. Ẹni tó ń bọ̀ kò lè fi mọ ibi tí ọkọ̀ yín kọjú sí.

Mẹ́ta ni: pupa lápá òsì, aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun kan tó tàn yíká lórí òpó. Òsì àti ọ̀tún ẹni tó kọjú síwájú ọkọ̀ ni o. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń gbé e sódì. Dígírì 112.5 ni ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti aláwọ̀ ewé ń gbà, láti iwájú gan-an lọ sẹ́yìn èjìká díẹ̀. Kí funfun fi mítà 1 ga jù wọ́n lọ, kó sì ga ju orí ẹni tó bá dìde dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara yín á dí i, á sì máa pa ojú awakọ̀.

Òfin ojú òkun àgbáyé ti 1972 gbà kí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò tó mítà 7, tí eré rẹ̀ kò sì lè ju nọ́ọ̀tì 7 (bíi kìlómítà 13 ní wákàtí) lọ, tan funfun nìkan bí ìyókù kò bá ṣeé kàn. HP 15 á sáré ju ìyẹn lọ tí ẹrù bá fúyẹ́, nítorí náà ẹ kàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ lè lo tọ́ọ̀ṣì funfun, bó bá ti wà lọ́wọ́ tí yóò tàn án kí ẹlòmíràn tó sún mọ́ ọn.

Bí oòrùn bá ti wọ̀ ni kí ẹ tàn án, títí yóò fi yọ. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán. Bí ọyẹ́ tàbí ìkùukùu bá bo omi, ẹ tàn án lójúmọmọ. Tí ẹ bá sọ ìdákọ̀ró, ẹ pa pupa àti aláwọ̀ ewé, kó ku funfun.

Àwọ̀n_Ikun: Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n òfin òkun nìyẹn, dáàmù wa kò so mọ́ òkun.

Atukọ̀: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ àwọn iná náà ni gbogbo ẹni tó kọ́ ọkọ̀ mọ̀. Bí ẹ bá rí pupa ọkọ̀ kan tó ń dábùú yín láti ọ̀tún, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yà fún un. Bí ẹ bá rí pupa àti aláwọ̀ ewé pọ̀ níwájú, ẹ ń kojú ara yín nìyẹn: kí oníkálukú yà sí ọ̀tún.

Oníwáyà_Adó: Ẹ lo LED tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi. Lórí bátìrì fóòtì 12, gílóòbù àtijọ́ wáàtì 10 mẹ́ta ń fa amp 2.5, wákàtí 10 ti jẹ ju ìdajì bátìrì 40 Ah (èyí tó lè gbé amp 1 fún wákàtí 40) lọ. LED wáàtì 2 mẹ́ta kò ju amp 0.5. Ẹ má fi ọ̀dà kun gílóòbù funfun, á ṣí. Fíúsì amp 5 nítòsí bátìrì, lórí wáyà pupa. Ojú ìsowọ́pọ̀ wáyà ló máa ń bàjẹ́ jù: omi á wọ inú téèpù, kọ́pà á dípẹtà, iná á máa rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì lórí ooru bò ó, kí ìsowọ́pọ̀ kankan má wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi ń dá sí.