Git ti wà lórí kọ̀ǹpútà mi, àmọ́ mo há síbì kan

Akọ̀wéÒru:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó wà nínú fódà iṣẹ́ mi rèé: isiro.py, isiro2.py, isiro_ikeyin.py, isiro_ikeyin_gangan.py. Lọ́jọ́ Ẹtì mo fi wákàtí mẹ́ta tún ọ̀kan ṣe, mo wá ṣèèṣì da èyí tó ti gbó lé e lórí. Gbogbo rẹ̀ bá omi lọ.

Wọ́n ní kí n lo Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà inú fáìlì. Mo ti sọ orúkọ mi fún un, mo tẹ git init kó bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ fódà náà, mo tẹ git add . kó kó àwọn fáìlì mi jọ, kò sí wàhálà. Ìgbà tí mo tẹ git commit, tó yẹ kó fi wọ́n pamọ́ sínú ìtàn náà, ni ojú dúdú kan yọ sí mi, àmì ~ tò wálẹ̀ lápá òsì. Mo tẹ Ctrl+C títí, kò jáde. Ẹ̀rọ ni mo pa. Kí nìyẹn? Ṣé dandan sì ni kí n ní àkáǹtì GitHub?

ỌmọKíbọọ̀dù:
Vim nìyẹn, ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì. Kò sẹ́ni tí kò tì mọ́lé rí, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Git ń retí kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ohun tí ẹ ṣe, ló fi ṣí i. Ẹ tẹ Esc, ẹ kọ :q! , ẹ tẹ Enter. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ àṣẹ yẹn: git commit -m "Ìṣirò àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́". Vim ò ní yọjú.

ÌyáKóòdù:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Git kọ́ ni GitHub: ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń kó iṣẹ́ Git sí ni GitHub. Linus Torvalds ló kọ Git lọ́dún 2005 nítorí iṣẹ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ọdún 2008 ni GitHub tó dé. Orí ẹ̀rọ tìẹ ni Git ń gbé, kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ. Fódà kan tó fara pamọ́ wà nínú fódà iṣẹ́ rẹ, .git ló ń jẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà wà, má fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí èmi bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì wọ fódà iṣẹ́ mi tí mo fi tẹ git init. Mo tẹ git status báyìí, ló bá ń ka fódà àwòrán, fódà orin, gbogbo ẹrù mi sí mi létí! .git tibẹ̀ yẹn ni mo pa rẹ́ kí ara tó tù mí. Máa tẹ pwd ná, kí o mọ ibi tí o wà.

git log --oneline ló ń to àwọn commit sílẹ̀, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wo díẹ̀ nínú tèmi:

8c41e07 Kó má fi òdo pín nǹkan
b2d96fa Ọjọ́ ló ń ṣáájú oṣù báyìí
1e7703c Ìbẹ̀rẹ̀

Bí mo bá tẹ git show 8c41e07, màá rí ìlà tí mo yọ pẹ̀lú àmì - níwájú, èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú +. "Àtúnṣe" lásán ni mo máa ń kọ tẹ́lẹ̀. Ogójì "àtúnṣe", èwo ni mo fẹ́ mú nínú wọn?

Akọ̀wéÒru:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti jáde! Bí mo bá tún ba fáìlì jẹ́ ńkọ́? Ṣé mo lè kó ìwé Word mi síbẹ̀ náà?

ÌyáKóòdù:
git restore isiro.py á dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí o add tàbí commit rẹ̀ kẹ́yìn. Àmọ́ fara balẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́: ohun tí o kò tíì add tàbí commit, Git ò lè wá a jáde fún ọ. Ní ti Word, á gbà á, ṣùgbọ́n git diff, àṣẹ tó ń fi àyípadà hàn, á kàn ní fáìlì méjì yàtọ̀ síra ni, kò ní sọ ọ̀rọ̀ tó yí padà. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán bíi .py àti .txt ló mọ̀ ọ́n tú.

ỌmọKíbọọ̀dù:
Ẹ tún rántí pé orí dísìkì kan náà ni .git àti fáìlì yín wà. Bí dísìkì bá kú, méjèèjì ló lọ. Ibẹ̀ ni GitHub ti wúlò. Fláàṣì náà á ṣe é.

Akọ̀wéÒru:
Mo ti commit fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wá fi git rm yọ mẹ́ta. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tó kan "gangan". Mo sáré tẹ git log: commit àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, "gangan" sì wà nínú rẹ̀.