Ìjà catch wo ni kí n fi han àwọn ọmọ àdúgbò wa l'Àjàṣẹ́ yàtọ̀ sí ti WWE?

Onífídíò Ouando

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé fídíò kékeré kan ni mo ní lẹ́yìn ọjà Ouando, níhìn-ín l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Bọ́ọ̀lù ló ń mówó wọlé fún wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, catch, ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, ni àwọn ọmọ máa ń béèrè. Fàráǹ 100 ni wọ́n ń san. WWE, ẹgbẹ́ catch ńlá ti Amẹ́ríkà, nìkan sì ni wọ́n mọ̀. Omos ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí wọ́n gbọ́ pé Tolúlọpẹ́ lorúkọ rẹ̀ àti pé Èkó ni wọ́n ti bí i. Bó bá ti wọlé báyìí, ariwo tí wọ́n máa ń pa, ẹ ó rò pé ní Ouando gan-an ni ìyá rẹ̀ ti ń tajà.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá nìyí. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ nítòsí wa sọ fún mi pé àwọn oníjà kan wà l'Amẹ́ríkà tí wọn ò sí lábẹ́ WWE, tí wọ́n da owó ara wọn jọ láti gbé ìran ńlá kan kalẹ̀ ní 2018. All In ni wọ́n pè é. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé ti bá mi rà á. Mo wá rí i pé ó lé ní wákàtí mẹ́rin! Bóyá ni mo fi lè rí wákàtí méjì lò lọ́jọ́ Àìkú kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, epo kpayo tí mo ń dà sẹ́rọ iná kò sì rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fò?

Ìbéèrè kejì. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ìwé ló ń kà ṣáá. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá borí, á ní wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé èrú ni. Nígbà tó sọ ọ́ gbẹ̀yìn, àwọn kan ní kí n dá fàráǹ 100 àwọn padà. Kí ni kí n wí fún un?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yẹn ò purọ́. Ẹ dá owó wọn padà.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ṣábẹ̀ẹ́, nínú iyanrìn la ti ń mú ẹkẹ. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, ó ti ṣubú nìyẹn, kò sí pé ẹnì kan ti lọ bá a sọ ọ́ nílé lálẹ́ àná. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìjàkadì han ọmọ, ẹ wá ti Senegal fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní làmb. Wọ́n á gbá ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, wọ́n á dì mọ́ra, ẹni tó bá ṣubú á gba ilé lọ. Bí àgbà oníjà méjì bá fẹ́ pàdé ní Dakar, gbogbo ìlú ló ń gbọ́. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n sì ń jà lóòótọ́.

Ìyá Aránṣọ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́, onífídíò. Kétu ni mo wà, aṣọ ni mo ń rán, fóònù mi kì í sì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣínì. Mo ti wo All In yẹn débi tí mo fi lè máa fi ẹnu sọ ọ́ láìwo ojú fóònù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ ò bá rò ó fún àwọn ọmọ, ìdajì adùn rẹ̀ ti lọ.

Cody Rhodes àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń pè ní Young Bucks ló gbé e kalẹ̀. Cody ti fi WWE sílẹ̀ ní 2016. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan bi Dave Meltzer, akọ̀ròyìn tí gbogbo àwọn olólùfẹ́ catch ń kà, bóyá ẹgbẹ́ Ring of Honor lè ta tíkẹ́ẹ̀tì 10,000. Meltzer ní kò tíì yá. Cody ní ká jọ ta tẹ́tẹ́ lé e. Lóṣù karùn-ún 2018 tí wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì síta, kò tó ìdajì wákàtí tó fi tán. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, èèyàn 11,263 ló jókòó sí Sears Centre ní Hoffman Estates, lẹ́bàá Chicago. Láti 1993 títí di ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ síbi catch l'Amẹ́ríkà bí kì í bá ṣe WWE tàbí WCW, ẹgbẹ́ catch mìíràn. Inú ìyẹn ni ẹgbẹ́ AEW ti jáde ní oṣù kìíní 2019.

Ó yá, ìjà tí ẹ máa mú. Ìjà Cody àti Nick Aldis ni olórí. Ìgbànú ẹni tó borí ní NWA, àjọ catch kan l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń dù. Dusty Rhodes, bàbá Cody, gba ìgbànú yẹn lẹ́ẹ̀mẹta nígbà ayé rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ Harley Race ní 1979. Dusty kú ní 2015. Títí di ọjọ́ ìjà yẹn, kò tíì sí bàbá tó gbà á tí ọmọ rẹ̀ náà sì gbà á rí. Ẹ dákẹ́ ohùn ẹ̀rọ díẹ̀, kẹ́ ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọ inú okùn. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ọkùnrin aláwọ̀ funfun méjì tó ń lu ara wọn ni wọ́n á rí.

Ó tó ìṣẹ́jú 22. Orí Cody fọ́, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, irun tó pa láró funfun di pupa. Ẹ̀jẹ̀ gidi ni o, kì í ṣe tòmátì. Níbi tó nà gbalaja sí, Aldis gun orí okùn láti fi ìgúnpá bọ́ lé e láyà, ni Brandi ìyàwó Cody bá kó wọlé, ó fi ara bo ọkọ, òun ni ìgúnpá bà. (Bàbá àwọn ọmọ mi ń ka èyí. Kó má retí irú ẹ̀.) Nígbẹ̀yìn, Aldis fẹ́ fà á ṣubú, Cody jókòó lé e mọ́lẹ̀, adájọ́ ka mẹ́ta, Cody borí. Ẹ wo ojú àwọn èrò. Àgbàlagbà ń sunkún níbẹ̀.

Èkejì ni Kenny Omega àti Pentagon, ẹni tó máa ń de ìbòjú. Omega borí. Ẹ má pa á nígbà tí adájọ́ bá ka mẹ́ta o! Iná á kú lójijì. Bó bá tàn, Pentagon tó ti ṣubú á bẹ́ mọ́ Omega, á nà án bí ẹni máa kú, á wá ṣí ìbòjú: Chris Jericho! Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wọn á dá a mọ̀ láti ọjọ́ tó ti wà ní WWE. Ibẹ̀ ni ilé yín á ti dàrú.

Ẹ mú ti Okada àti Marty Scurll náà. Ará Japan ni Okada, ó ga, ó tóbi, Scurll kò tó o rárá, Okada sì ń fi bó ṣe kéré yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Agboòrùn ni Scurll ń gbé kiri, ó sì ń fi ṣe ibi. Okada ló borí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó rí i ṣe, ìṣẹ́jú 26. Àwọn ọmọ á gbè sẹ́yìn kékeré yẹn, mo mọ̀.

Ti Hangman Page àti Joey Janela, ẹ fò ó pátápátá. Page borí, ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, kó parí síbẹ̀. Nǹkan tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn ìjà yẹn, kò ṣeé fi han ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má bi mí kí ni. Bí ọmọbìnrin bá ń wá síbi yín, ẹ fi ti Tessa Blanchard kún un, obìnrin mẹ́ta ló dojú kọ, ó sì borí. Èyí tó kù kò pọn dandan. Kìkì pé ọmọkùnrin onífáàrí tí Matt Cross borí níbẹ̀rẹ̀, MJF, òun ló wá gba ìgbànú àgbà AEW ní 2022.

Ó wá ku ọmọ oníwèé. Ẹ sọ fún un pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó jáde. Ṣé nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde ní Kétu níbí, ta ni kò mọ̀ pé ọkùnrin ló so ọmú àti ìdí mọ́ra yẹn? Ó lè jẹ́ ọkọ àbúrò rẹ. Kò sẹ́ni tó ń pariwo pé èrú ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ là ń wò, bóyá ó bá ìlù mu. Bí ẹsẹ̀ bá ṣìnà, gbogbo ọjà á mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń wo catch. Cody borí, ó dáa, ṣé mo gbà á gbọ́ nígbà tó ń borí? Ṣé ó bà mí lọ́kàn jẹ́ nígbà tí Aldis gba ìgbànú yẹn padà ní Nashville lóṣù kẹwàá ọdún kan náà? Ó bà mí lọ́kàn jẹ́ o.

Ẹ sì fi ìjà tó kẹ́yìn hàn án. Young Bucks àti Kota Ibushi ló borí Rey Mysterio, Fenix àti Bandido. Àwọn tó ṣáájú ti jẹ àkókò, tẹlifíṣọ̀n sì fẹ́ pa wọ́n mọ́, ni wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe kíá. Bí ìṣẹ́jú 12 péré ni wọ́n rí lò. Èèyàn mẹ́fà yẹn mọ ẹni tó máa borí, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti tún gbogbo rẹ̀ tò níbi tí wọ́n ti ń fò lókè. Kí ọmọ yẹn lọ gbìyànjú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá wa, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ má fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wé nǹkan tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sí. Àwọn ìyá la fi ń tù. Tòyìnbó yìí, owó ni wọ́n ń wá.

Ìyá Aránṣọ Kétu

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ àti ìlù ni mo fi wé, mi ò fi ọwọ́ kan àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n oníjà làmb tí ò ń yìn yẹn, ọ̀fẹ́ ló ń jà ni? Mo gbọ́ pé owó ńlá ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó bọ́ sórí iyanrìn.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Wọ́n ń gbowó. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣubú lóòótọ́.

Dẹ́rẹ́bà Ìsàkété

Ẹ gbàgbé àríyànjiyàn. Onífídíò, ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ ni pé gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń sọ ìjà yẹn ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Faransé ni àwọn ọmọ yín ń kọ́ nílé ìwé, Yorùbá àti Gùn ni wọ́n ń sọ nílé. Wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ wá ẹlẹ́nu dídùn kan, kẹ́ ẹ gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́, kó máa sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń lọ. Lọ́dọ̀ wa, bọ́ọ̀lù la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń wá torí ẹni tó ń sọ ọ́ nìkan. Bí ẹ bá rí i ṣe, ẹ fi ọmọ oníwèé yẹn ṣe é. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti ṣètò rẹ̀ ló yẹ kó rò ó.

Onífídíò Ouando

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Dẹ́rẹ́bà, ìmọ̀ràn yín wọ̀ mí lára ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ náà kò sì ní kọ̀, torí ó fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ ohùn òun. Mo ti pinnu: Omega ni mo fi máa bẹ̀rẹ̀, torí Jericho, kí n tó mú Okada, kí n wá fi Cody kádìí rẹ̀. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ti ìkẹyìn náà. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ fi orúkọ oníjà làmb kan tó dáa ránṣẹ́ sí mi, mo máa wá tiwọn fún ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ìyá Aránṣọ, ìbéèrè kan ló kù. Ẹ ní kí n fò ti Page. Ṣé mo lè fi ìjà yẹn nìkan hàn, kí n pa á kí nǹkan yẹn tó jáde? Àwọn ọmọ fẹ́ràn àkàbà àti tábìlì tó ń fọ́.

Ìyá Aránṣọ Kétu

Ẹ lè ṣe é, bí ọwọ́ yín bá yá. Bí adájọ́ bá ti gbé ọwọ́ Page sókè, ẹ ti máa wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ má dúró wo bí inú àwọn èrò ṣe ń dùn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn di rìmóòtù yẹn mú. Bí iná bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú nínú gbọ̀ngàn báyìí, ó ti pẹ́ jù.