Orúkọ tí ó yẹ orin heavy metal, àti ọ̀rọ̀ àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà dábàá pé kí á máa pe heavy metal, ẹ̀ka orin rọ́ọ̀kì tí gìtá rẹ̀ ń dún kíkankíkan ("heavy" ni wúwo, "metal" ni irin lédè Gẹ̀ẹ́sì), ní "orin wúwo", nítorí pé bí a bá dárúkọ irin mọ́ orin nílẹ̀ Yorùbá, ìjálá àti orin Ògún ni ọkàn olùgbọ́ yóò lọ bá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ àbá náà. Ní Ìlọrin níhìn-ín, bí ẹnì kan bá ní orin Ọdọláyé Àrẹ̀mú wúwo, ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ń yìn, kì í ṣe bí ìlù ṣe dún tó. Ìjálá sì ti ní orúkọ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí dàdàkúàdà ti ní tirẹ̀. Ta ni yóò wá ṣì wọ́n pè?

"Orin irin" ni mo dúró lé, àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ni ẹ̀rí mi, èyí tí ó jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé ọdún 1970, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìpìlẹ̀ ẹ̀ka orin yìí. Birmingham, ìlú àwọn oníṣẹ́ irin, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi, tí ó ń ta gìtá wọn, nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tí ó fi ń tẹ wáyà gìtá gan-an, nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó yọ́ ike ìgò, ó mọ ọ́n bo orí àwọn ìka náà, ó fi awọ lé e, ó sì wá wáyà tín-ínrín tí kò ní ni í lára. Ìka bẹ́ẹ̀ ni ó fi ta ohùn mẹ́ta tí ń wọ́ nílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn ìró òjò àti agogo tí ó ṣí àwo náà. Irin kò jìnnà sí orin yìí rárá.

Àbúrò wa láti Òmù-Àrán ní tirẹ̀ kọ ọ́ pé "òkìkí" àwo náà kò tíì kú. "Iyì" ni èmi yóò kọ. Òkìkí ti dé ní kíá, nítorí pé àwo náà dé ipò 8 lórí àtẹ àwọn àwo tí ó tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àwọn aṣelámèyítọ́ kò kà á sí, Lester Bangs sì bẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn Rolling Stone. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn yẹn kan náà wá kà á mọ́ 500 àwo tí ó dára jù lọ, àwo tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà sílẹ̀ tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo.