Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún, báwo lẹ ṣe dènà ẹ̀jẹ̀ dídì?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bántókò

Wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún fún mi, mo sì ti ń dá lọ sọ́jà Kútọ̀ báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn tó fẹ́ràn mi ni mo bá jà jù. "Mọ́mì, ẹ má dìde o, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jiná." Bí mo bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ báyìí, ariwo á ta.

Bẹ́ẹ̀ dókítà ti là á yé mi kí n tó wọ tíátà. Bí èèyàn bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tó bá dùbúlẹ̀ gbọnrangandan, ẹ̀jẹ̀ á máa falẹ̀ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà tún máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Tí èyí tó dì bá já, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń pa èèyàn.

Abẹ́rẹ́ enoxaparin 40 mg, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n kọ fún mi, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, abẹ́ awọ ikùn ni wọ́n ń gún un sí. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọmọ mi, òun ló ń gún un nílé. Físíò, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ mi ní eré ìdárayá ẹsẹ̀, ní kí n máa na ọmọ ìka ẹsẹ̀ síwájú, kí n tún fà á padà. Bí ìpolówó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìpolówó wọn sì pọ̀!

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé òrí dé, ó lóun fẹ́ wọ́ ẹsẹ̀ náà. Mo kọ̀ jálẹ̀, torí bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì síbẹ̀, wíwọ́ lè já a. Mo ní kó bá mi fi wọ́ èjìká. Ó wọ́ ọ, ṣùgbọ́n tìbínú-tìbínú ni.

Bàbá Láfẹ́nwá

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Oògùn oníhóró ni tèmi, rivaroxaban 10 mg, ọjọ́ 12. Wọ́n ní kí n jìnnà sí àgbo àti diclofenac, oògùn ara ríro yẹn, títí yóò fi tán, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa dà. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó dùn mọ́ mi tó yẹn! Ìyàwó mi fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún mi, físíò yọ ọ́ kíá, ó ní orúnkún á ká kò. Abẹ́ gìgísẹ̀ ló gbé e sí.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ ṣọ́ra o. Gbogbo orúnkún tí wọ́n bá ṣí ló ń wú, ìyẹn ni wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ. Ti màmá mi sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn ojúgun, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó gbóná, ó ń dùn wọ́n bá a bá fọwọ́ kàn án. Síkáànì ló fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dì. Oṣù 3 ni wọ́n fi lo oògùn. Tí èémí bá ṣàdédé ń gé, tàbí tí àyà ń dunni béèyàn ṣe ń mí, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ọsibítù ni.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bántókò

Àmọ̀ràn yín dára. Wọ́n ń pè mí síbi ìsọmọlórúkọ l'Ékòó, ṣé kí n lọ?

Bàbá Láfẹ́nwá

Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín. Bí wọ́n bá gbà, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà kó dúró ní Ifọ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀.