SERS: kí ló dé tí E. coli àti S. aureus fi ń jọra, tí àbájáde òní kì í bá tàná mu?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ fi SERS (ọ̀nà tí a fi ń tan lésà sí ohun tó lẹ̀ mọ́ hóró fàdákà, ká lè ka àmì kẹ́míkà rẹ̀) dá E. coli àti S. aureus, irú bakitéríà méjì, mọ̀ yàtọ̀ síra. Kọ́lọ́ìdì fàdákà (hóró fàdákà kéékèèké nínú omi) tí a fi citrate sè ni mo ń lò, lésà 785 nm, lẹ́ǹsì 50×, ìṣẹ́jú àáyá 10. Mo ń gbin bakitéríà sínú LB (omi oúnjẹ bakitéríà) mọ́jú, mo ń fi PBS (omi oníyọ̀) fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń pò ó mọ́ kọ́lọ́ìdì ní ọgbọọgba. Lórí spectrum (ìlà tó ń fi agbára àmì hàn), ṣóńṣó kan máa ń yọ ní nǹkan bíi 730 cm⁻¹ (òṣùwọ̀n ipò ṣóńṣó) lára àwọn méjèèjì, òmíràn ní nǹkan bíi 1325. Gíga wọn kì í bá ti àná mu. Nígbà mìíràn, àwọ̀ kọ́lọ́ìdì á ti di ti eérú kó tó dé abẹ́ lésà. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ní òun ń dá wọn mọ̀ ní 99%. Níbo ni àṣìṣe wà?

Èsì kìíní
PBS yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa tì. Agbára iná òdì tó wà lára citrate ni kì í jẹ́ kí àwọn hóró fàdákà lẹ̀ mọ́ra. Tí iyọ̀ bá pọ̀ níbẹ̀, agbára yẹn kò ní ràn mọ́, hóró á ṣù, á sì rì sísàlẹ̀. Ṣíṣù díẹ̀ wúlò o, torí àárín hóró méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra ni àmì SERS ti ń lágbára jù. Àṣùjù ni kò dáa.

Ẹ fi sẹ́ńtífúùjì yí i ní 5,000 × g fún ìṣẹ́jú 5, ẹ da omi òkè rẹ̀ nù, ẹ fi 1 mL omi tí kò níyọ̀ po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kẹ́ ẹ ṣe é. Yeast extract wà nínú LB, purine (ẹbí kẹ́míkà tí adenine wà nínú rẹ̀) sì kún inú rẹ̀. Fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò lè kó o tán. Lẹ́yìn náà, ẹ là á dé OD600 (òṣùwọ̀n bí sẹ́ẹ̀lì ṣe pọ̀ tó nínú omi) 1.0 nígbà gbogbo.

Èsì kejì
Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ 730 yẹn jinlẹ̀ ju LB lọ. Àmì adenine ni, 1325 náà sì bá a rìn. Àwọn kan ń pè é ní àmì ara ògiri sẹ́ẹ̀lì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ebi ń pa bakitéríà tó wà nínú omi lásán, ó sì ń tu purine síta: adenine, hypoxanthine, guanine, xanthine, AMP. Fàdákà fẹ́ràn wọn gan-an.

Ẹ dán an wò: ẹ fi sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ nínú omi fún ìṣẹ́jú 30, ẹ sẹ́ omi náà gba inú asẹ́ 0.22 µm, kẹ́ ẹ wá pò ó mọ́ kọ́lọ́ìdì. Kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ 730 á yọ. Nítorí náà, aago wà lára iṣẹ́ yìí. Ẹ yan iye ìṣẹ́jú kan láti ìfọ̀ tó kẹ́yìn dé abẹ́ lésà, bíi 15, ẹ má sì yí i padà. Ẹ má fi ooru pa wọ́n ṣáájú o. Ohun inú wọn á tú jáde. Ìpín àwọn purine yìí síra wọn ló ń fi ìyàtọ̀ hàn: ẹ fi 730 wé agbègbè 655, ẹ má wo gíga nìkan.

Èsì kẹta
Ẹ bẹ̀rẹ̀ lésà láti 1 mW. Tí òkè fífẹ̀ méjì bá wú ní 1350 àti 1580, ẹ ti jó o di èédú nìyẹn. Láràárọ̀, ẹ fi silicon tún ẹ̀rọ ṣe sí 520.7 cm⁻¹, kẹ́ ẹ sì fi adenine 10 µM dán kọ́lọ́ìdì wò.

99% yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Spectrum 50 láti inú ọpọ́n kan kì í ṣe àpẹẹrẹ 50. Ẹyọ kan ni. Tí ẹ bá pín wọn láìwo ibi tí wọ́n ti wá, apá kan ọpọ́n náà á wà níbi ìkọ́ni kọ̀ǹpútà, apá kejì á wà níbi ìdánwò rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé Ọjọ́ Ajé lẹ wọn E. coli, tí S. aureus jẹ́ ti Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kì í ṣe bakitéríà. Ẹ gbìn wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán, méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ sì yọ odidi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ìdánwò. PCA (ìṣirò tó ń kó nọ́ńbà púpọ̀ jọ di díẹ̀) pẹ̀lú, orí ti ìkọ́ni nìkan ni kẹ́ ẹ ti ṣírò rẹ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Tí omi ìfọ̀ kẹta bá ṣì ní 730 ńkọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá LB ni tàbí sẹ́ẹ̀lì?

Èsì kejì
Ẹ wọn omi ìfọ̀ 1, 2 àti 3. Ti LB á máa dín kù láti ìfọ̀ dé ìfọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sẹ́ẹ̀lì sínú omi tuntun, kẹ́ ẹ sẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní ìṣẹ́jú 10, àti ní 30. Tó bá ń pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì ló ń tu ú.