Àbọ̀ rèé: máíkì akọrin ò han mọ́

Ẹ kú ìrànlọ́wọ́ o. Ìbéèrè ìjọ́sí ni pé ẹgbẹ́ akọrin ìhìnrere tuntun kan, olóhùn mẹ́fà, máíkì mẹ́fà, sípíkà méjì, kò lè kọrin dé ìdajì kí máíkì tó han gooro. Ó ti yanjú.

Míkísà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn àwọn máíkì pọ̀, ò bàjẹ́ rárá. Ẹ̀yìn akọrin ni sípíkà wà: ohùn ń jáde níbẹ̀, ó ń padà sẹ́nu máíkì, máíkì tún ń gbé e. Sípíkà ti bọ́ síwájú, ó kọjú sí ìjọ, ó ga ju orí ẹni tó jókòó lọ. Máíkì mẹ́fà di mẹ́ta, ẹni méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí iye máíkì tó ṣí bá di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi 3 dB (dẹ́síbẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) lẹ máa pàdánù nínú ohùn tí ẹ lè gbé sókè kí ó tó han.

Gain, bọ́tìnì orí míkísà tó ń pinnu bí ohùn máíkì ṣe ń wọlé le tó, ńkọ́? Kí ẹni tóhùn rẹ̀ le jù kọrin tagbára-tagbára, ẹ gbé e sókè títí iná pupa á fi fẹ́ tàn, kí ẹ wá dín in kù díẹ̀. Ẹ tẹ low cut náà, bọ́tìnì tó ń gé ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kúrò.

Kí máíkì jìnnà sẹ́nu ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ó tó. Àwọn tó ń fọwọ́ bo orí máíkì kí wọ́n lè jọ gbajúmọ̀, àwọn gan-an ló ń fa ariwo: ihò ẹ̀yìn rẹ̀ á dí, á wá máa gbọ́ tẹ̀yìn tiwájú.

Gángan nìkan ló ṣì ń bo áltò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, mọ́lẹ̀. Ìyẹn ò gba wáyà. Onílù ló máa sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùrù. Mo ti èyí pa.