Ṣé ọmọ yìí lè ṣe triathlon (ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ àti eré sísá léra wọn)?

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 13, máa ń sáré gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúmọ láì mí hẹlẹ, ṣé ìyẹn tó?

ỌmọLísàbi: Eré sísá dáa, òun ló ń parí ẹ̀, kìlómítà 10 lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ 40 ní Òlíńpíìkì. Àmọ́ ṣé ó lè lúwẹ̀ẹ́? Mítà 1,500 ni wọ́n kọ́kọ́ ń lúwẹ̀ẹ́, ẹni tó bá pẹ́ jáde lómi ò ní bá àwọn oníkẹ̀kẹ́ iwájú, á wá máa dá bá atẹ́gùn jà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe odò Ògùn o! Ẹ wá puúlù àti kóòṣì fún un.

Kútọ̀Boy: Ẹ má tíì ka àmì-ẹ̀yẹ, ọmọ tó tètè bàlágà lè máa na ẹgbẹ́ ẹ̀ báyìí, kí wọ́n wá lé e bá tó bá yá.